Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Òfurufú Ìṣeré Mi Fi Bátìrì Fò

Sátidé kan wà tí n kò lè gbàgbé, lọ́dún kẹta lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú ìṣeré mi ń ta epo sí aṣọ tí ìyàwó mi ń rán fún oníbàárà, mo bá pààrọ̀ rẹ̀ sí oníbátìrì. Bí kò bá fò, màá jáwọ́. Èmi àti ìyàwó mi gbé e lọ sí Marina, l'Ékòó; ó sáré nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbéra. Bátìrì ti wúwo jù.

“Bàbá Fọlá, ṣé táyà ló fẹ́ fi rìn lójú ọ̀run ni?” ìyàwó mi bi mí.

Ó yọ táyà méjèèjì, mo sì fi ọwọ́ ju ọkọ̀ náà sókè. Ó fò láìpariwo, ó kọrí sí ọ̀sà. Atẹ́gùn dá a padà, ìyàwó mi fi ìborùn gbà á.

Lánàá, tó pé oṣù mẹ́ta tí mo sin ìyàwó mi, mo ṣí agolo bọ́tìnnì rẹ̀. Táyà méjèèjì wà níbẹ̀.