Òkúta Tí Kì Í Ṣe Ti Ìrẹsì

Bí mo bá rí ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé làkúrègbé máa ń rìn nínú ara, n ó bá a jà. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló fi ọdún mẹ́ta jẹ ẹ̀gbọ́n mi níyà.

Damaris ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi náà, ìyàwó Japhet, àgbẹ̀ oníṣu kan ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Ní 1976, kò tíì pé ogójì ọdún nígbà tí ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Láàárọ̀, kò lè so ìró mọ́ ìdí. Èmi Susanna, àbúrò rẹ̀, tí mo jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo máa ń yà bá a so ó kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Bí oòrùn bá ràn, ọwọ́ náà á rọ̀ díẹ̀. Nígbà tó fi di 1980, àwọn ìka ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn kò sì padà mọ́. Síbẹ̀ obìnrin yìí kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba ìdáná lọ́wọ́ òun. Bí ọ̀bẹ kò bá ṣeé dì mú, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ iṣu.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Bí ó bá jẹ ọbẹ̀ tó lépo tán, ìrora á gbé e lábẹ́ ìhà ọ̀tún, á yọ sí i léjìká, á sì máa bì. Gbogbo ilé ní làkúrègbé ti rìn kúrò lọ́wọ́, ó ti wọ inú. Wọ́n ń fi òrí pa á nínú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ sí Ìlọrin. Japhet ní ta ló ń gbé làkúrègbé lọ sí Ìlọrin. Ìyá rẹ̀ ní àwọn olùkọ́ fẹ́ràn ìrìn àjò jù. Ọ̀rọ̀ wọn sú mi.

Ní 1984, ẹyinjú rẹ̀ di pupa rúsúrúsú, ìtọ̀ rẹ̀ sì dà bí omi tíì. Ìyẹn ló bà wọ́n lẹ́rù, a wọ takisí lọ sí Ìlọrin. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, ará Íńdíà ni. Wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀, dókítà sọ̀rọ̀ lọ rẹpẹtẹ, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Badirat sì túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún wa ní gbólóhùn kan: òkúta ló kún inú òróòro màmá, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi yọ ọ́.

Òkúta. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Nígbà náà, ìrẹsì Pátígi ni a ń rà lọ́jà Osi, òkúta inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ìrẹsì fúnra rẹ̀. Obìnrin á jókòó ti àtẹ, á máa ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹni tí ìka rẹ̀ ti wọ́, kí ni yóò fi ṣà á? Bí a ti délé ni ìyá Japhet ti dá ẹjọ́ tirẹ̀: òkúta tí ìyàwó kò lè ṣà ló gbé mì.

Japhet kò fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ. Wọ́n fòfin de ìrẹsì nínú ilé, wọ́n wá ń fi iyán àti ẹ̀gúsí elépo bọ́ ẹ̀gbọ́n mi, inú sì ń run ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo dá lọ sí Ìlọrin, mo bá Badirat. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní oúnjẹ kì í gba ọ̀nà òróòro kọjá, omi òróòro fúnra rẹ̀ ló ń dì tó ń le, dókítà sì ti sọ pé ó wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin tí irú làkúrègbé bẹ́ẹ̀ bá ń ṣe. Mo sáré gbé ọ̀rọ̀ náà wá fún Japhet. Ó gbọ́, ó mi orí, kò sì fọwọ́ sí nǹkan kan. Oṣù mẹ́ta gbáko. Mo bú u lójú gbogbo ènìyàn, mo gbàgbé pé àna mi ni.

Nígbà tí ibà wá dà pọ̀ mọ́ inú rírun náà, a tún gbé e lọ. Dókítà ní kò sí àkókò láti fi ṣòfò mọ́, àfi iṣẹ́ abẹ. Japhet mú bírò, kò kọ nǹkan kan.

Mo ní, "Bàbá Ìbídùnní, ṣé ẹ fẹ́ kó kú ni?"

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Bi í léèrè. Òun ló ní kí n má fọwọ́ sí i."

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ògiri ló ń wò.

"Ọmọ mẹ́rin ni mo bí," ó ní. "Ùkòkò kan náà ni a jọ ń jẹ. Ọwọ́ mi yìí ló se é. Kí ọn kọ́kọ́ yọ ti àwọn ọmọ mi ná, kí ọn tó kàn mí."

Àlàyé tí mo gbà ní Ìlọrin, Japhet ni mo sọ ọ́ fún. Mo sọ ọ́ fún ìyá Japhet, mo sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. N kò jókòó ti ẹni tó ni inú kí n sọ ọ́ fún un. Japhet náà kò sọ ọ́, ó rò pé mo ti ṣe é.

Badirat wá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Ṣé kì í ṣe ọwọ́ mi?"

"Kì í ṣe ọwọ́ yín, màmá."

Ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n mú ìwé wá, òun fúnra òun ni yóò tẹ̀ ẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò nà dáadáa, Badirat ló bá a mú un mọ́ ìwé.

Òkúta mọ́kànlélógún ni wọ́n yọ. Láàárín oṣù méjì, ó ti padà sí ìdí iná rẹ̀. Mo ti bẹ Japhet, ó sì gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ni n kò tíì mọ bí mo ṣe máa bẹ̀.