Mọ́ínmọ́ín Lókè Pápá Béésìbọ́ọ̀lù

Òórùn àlùbọ́sà díndín ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà pápá lọ́jọ́ náà. Mo rántí pé mo yíjú wo Bàbá mi kíá, bóyá itọ́ á yọ lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe yọ lẹ́nu tèmi. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Láti ìgbà tí a ti sin Màmá mi ní Ìbàdàn, tí mo sì mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Highbridge lókè òkun níhìn-ín, Bàbá mi kò jẹun tó nǹkan. Màá gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un kí n tó lọ síbi iṣẹ́, màá padà dé, màá bá a bó ṣe wà. Iṣẹ́ mi sì ni pé mò ń tọ́jú arúgbó nílé wọn, mò ń rọ̀ wọ́n títí wọn á fi jẹun! Ti Bàbá tó bí mi wá kọjá ọgbọ́n mi. Ṣòkòtò ti ń já bọ́ nídìí rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an.

N kò mọ nǹkan kan nípa béésìbọ́ọ̀lù nígbà náà, àmọ́ mò ń ṣe bí ẹni mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni bí èèyàn ṣe ń fi owó táṣẹ́rẹ́ gbádùn rẹ̀. Ọ̀sán àárín ọ̀sẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì máa ń pọ́ọ́kú, pàápàá ìjókòó òkè téńté, níbi tí àwọn tó ń gbá a ti ń rí bí èèrà lójú ẹni. Ẹsẹ̀ la fi sọ̀ kalẹ̀ látilé. Wọ́n sì gbà kí èèyàn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọlé, bó bá ti wà nínú ọ̀rá tójú ń rí inú rẹ̀. Ni mo bá se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, mo dín dòdò, mo di gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá rí wa á rò pé a fẹ́ lọ sùn síbẹ̀ ni.

Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbá kíríkẹ́ẹ̀tì nígbà èwe rẹ̀, ló bá ń ṣàlàyé eré náà fún mi. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú àlàyé náà. Bàbá àgbàlagbà kan, ará Puerto Rico, tó jókòó tì wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ló ń rọra tún un ṣe. Àfi pàà! Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ onílé ti fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó fo ọgbà! Gbogbo pápá dìde. Bàbá mi náà fò dìde, ó ń ju fìlà sókè: "Ó ti lọ! Ó ti lọ o!" Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ obìnrin tí n kò rí rí.

Nígbà tí a jókòó padà, mo tú oúnjẹ. Bàbá mi kọjú sí tọkọtaya náà gẹ́gẹ́ bí àṣà: "Come and eat o."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Nílé wa, ẹni tí a pè á ní "Á gba ibi ire," oníkálukú á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ kọ́ ará Puerto Rico nìyẹn?

"Oh, thank you, Papa!" Ọkọ nawọ́, ìyàwó nawọ́. Wọ́n jẹ, wọ́n lá ìka. Bàbá mi tún ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú sí i. Kí n tó ṣẹ́jú, mọ́ínmọ́ín ti tán, dòdò ti tẹ̀lé e. Oúnjẹ tí mo fẹ́ fi tan Bàbá mi kó lè jẹun! Ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún.

Bàbá mi wá tẹ̀ sí mi létí. "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn," ó ní, "ni yóò ru igbá rẹ̀ délé." Ó bú sẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ ìsìnkú.

Bàbá kejì sọ̀ kalẹ̀ lọ, ó sì gbé hot dog mẹ́rin bọ̀, búrẹ́dì tí wọ́n ki sọ́séèjì sí nínú, oúnjẹ pápá tí èmi kì í dá lábàá láti rà. Èyí tó tóbi jù ló fi lé Bàbá mi lọ́wọ́. Báwo ni ọmọlúàbí á ṣe kọ̀ ọ́? Ó gé e jẹ. Ó tún gé e. Mò ń ṣe bí ẹni ń wo eré, n kò rí eré kankan. Bàbá mi jẹ ẹ́ tán!

Bí a ṣe ń gun òkè lọ sílé, ó dúró kó mí sínú. "Kí la máa jẹ lálẹ́ yìí?"

"Ẹ̀bà ni, sà."

"Ọbẹ̀ wo?"

Mo yíjú sí títì kó má bàa rí omijé mi.

Bàbá mi ti padà sí Ìbàdàn, ara rẹ̀ sì le. Mo ṣì máa ń lọ sókè téńté yẹn, n kò sì tíì mọ gbogbo òfin eré náà. Ṣùgbọ́n ó ti yé mi ìdí tí oúnjẹ fi ń tutù lórí tábìlì mi nígbà náà. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi jọ wà, Bàbá mi kì í bu òkèlè láìkọ́kọ́ pe Màmá mi wá jẹun. Nínú ilé mi, tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, kò rí ẹni pè.