Ọdún Tí Mọ́tò Oníbẹ́ẹ̀dì Kúrò Lábẹ́ Igi Mángòrò

Ní ìgbà èwe mi, nígbà tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì tí Bàbá mi fi ń gé aṣọ lọ, mọ́tò kan wà ní ojúde wa ní Ẹ̀jìgbò tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà ní agbègbè wa, ó ṣeé ṣe kí ẹ rántí rẹ̀. Funfun ni, ó ga, wọ́n ta kọ́tìnnì sí fèrèsé rẹ̀, èdè Faransé sì wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n ní ìdílé òyìnbó kan ló wà á dé Àbíjàn, tí wọ́n ń sùn sínú rẹ̀ láti ìlú dé ìlú títí ó fi sú wọn. Ọmọ Ẹ̀jìgbò kan tó ń darí bọ̀ wálé ló rà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó délé tí kò rí ẹni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Bàbá mi gbà á. Téló ni Bàbá mi. Gbogbo àdúgbò ló ń béèrè ohun tí téló fẹ́ fi mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì, tábìlì àti sítóòfù gáàsì ṣe.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá mi, ló fa á. Abà kan lẹ́yìn ìlú Ara ni wọ́n ń gbé, wọn kò sì gbà láti wá gbé ní ìlú láé. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní níbẹ̀. Màmá mi, tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Àbíjàn, tí ẹ̀rù ejò sì máa ń bà ju ẹ̀rù olè lọ, kò jẹ́ kí a sùn níbẹ̀ rí. A ó lọ ní òwúrọ̀, a ó padà ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn á máa wò wá títí a ó fi pòórá. Mọ́tò yìí ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, a lè lo odindi ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, kí a sì sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí ejò kankan kò lè gùn dé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn dùn, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Iṣu tuntun ni Ìyá Àgbà ń sun nínú ẹyin iná, wọn á fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀ tó jó, wọn á bu iyọ̀ sí epo pupa, a ó sì máa jẹ ẹ́ títí epo á fi ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ wa. Àgbàdo tí a já láàárọ̀ ni a ń sun lọ́sàn-án. Iṣẹ́ náà wà, a kò jókòó lásán. Èmi ni mo ń pọn omi, tí mo sì ń bó ẹ̀gúsí. Ẹ̀gbọ́n mi Múfú ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu. Làmídì, àbúrò wa, kò ní iṣẹ́ kan pàtó ju kí ó máa bá wa jẹun lọ, iṣẹ́ yẹn kò sì nira fún un. Tí iṣẹ́ bá tán, a ó ṣe bojúbojú yí mọ́tò ká, ìyà tí a sì jẹ nítorí pé a fara pamọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ kò lóǹkà.

Iná ni wàhálà wa. Abà kò ní iná mànàmáná, bátìrì kan ṣoṣo sì ni mọ́tò ní. Òun ló ń ṣíná ẹ́ńjìnnì, òun ló ń tan gílóòbù, òun ló ń yí fáànù, òun náà ni Bàbá mi fi ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò. Ní ọdún àkọ́kọ́, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ padà sílé, Bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò dún “tẹ́kẹ́” lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Gbogbo ọkùnrin abà ló jáde wá tì í nínú yanrìn. Màmá mi ti múra ìsọmọlórúkọ kan tí wọ́n ń lọ ní ìlú. Wọ́n ká ìró sókè, àwọn náà ń tì í, nígbà tí mọ́tò sì jí, ó da ẹrẹ̀ sí wọn láṣọ láti àyà dé ẹsẹ̀. Àwa ọmọdé rò pé eré ni. Màmá pín búrẹ́dì fún àwọn tó ràn wá lọ́wọ́, wọn kò sì bá Bàbá sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ẹ̀jìgbò.

Ní ọdún kejì, Bàbá mi ra bátìrì àlòkù kan, wọ́n sì fi wáyà so ó mọ́ ti àkọ́kọ́ fúnra wọn. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní aṣọ tí kò bá tó, ńṣe ni èèyàn ń rán òmíràn mọ́ ọn. Màmá ní tí aṣọ àkọ́kọ́ bá ti gbó ńkọ́. Nítorí náà Màmá gba iná náà sí ìkáwọ́ ara wọn, wọ́n sì ń pín in fún wa bí wọ́n ṣe ń pín ẹran ọbẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ gbà. Bàbá gba ti ìròyìn, Múfú gba ti ìwé kíkà, èmi gba èyí tí a fi ń dirun. Ẹni tó bá gbàgbé gílóòbù sílẹ̀ yóò kúnlẹ̀, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ìpín tirẹ̀ ti lọ nìyẹn. Mo rántí pé mo fi ẹran ẹnu mi ra ìpín Làmídì, ó sì dùn mí, nítorí ẹran náà tóbi.

Síbẹ̀síbẹ̀, bátìrì méjèèjì kú pọ̀. Àwọn ará abà tún jáde wá. Lẹ́yìn tí a ti mọ́tò jí, Màmá kò wọlé. Wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà wá.

“Bàbá Múfú,” wọ́n ní, “èyí tí mo tì lónìí yìí ni mo tì mọ. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí kò bá dá jí fúnra rẹ̀, ẹ tà á fún ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Sẹ finí, ó parí.”

Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ náà kì í ṣe àlá. Ọkùnrin ará Máṣífà kan ni, tó ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe gàrí, ó sì ti wá wo mọ́tò wa nígbà méjì. Ó ní òun yóò hú àwọn bẹ́ẹ̀dì dànù kí àyè lè gba ẹ̀gẹ́. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo gbé lọ́kàn wálé. Bí bẹ́ẹ̀dì bá ti lọ, a kò ní sùn lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà mọ́. Ìyá Àgbà náà gbọ́ ohun tí Màmá sọ, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú pẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń dì í mú lọ.

Láàárín ọdún yẹn, Bàbá mi gbé ìgbéraga tì, wọ́n wa mọ́tò lọ bá Bọ̀dá Sàkà tó ń ṣáájì bátìrì fún àwọn awakọ̀ nítòsí gáréèjì. Bọ̀dá Sàkà yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní bátìrì àlòkù yẹn ló ń fa agbára èyí tó dára mu. Wọ́n yọ ọ́ sọnù. Wọ́n fi bátìrì kan sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì nìkan, wọ́n to méjì ńláńlá mìíràn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún iná ilé, wọ́n sì ya wáyà wọn sọ́tọ̀ kí ti ilé má lè fọwọ́ kan ti ẹ́ńjìnnì láé. Wọ́n yọ àwọn gílóòbù tó máa ń gbóná bí ààrò, wọ́n fi àwọn kéékèèké funfun rọ́pò wọn. Paríparí rẹ̀, wọ́n kan sólà mọ́ òrùlé mọ́tò, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì rí rí ní àdúgbò wa. Bàbá mi rán aṣọ Iléyá fún gbogbo ilé Bọ̀dá Sàkà, ọ̀rọ̀ owó sì parí síbẹ̀. Wọ́n tún rán ìbora fún àwọn bátìrì náà, wọ́n ṣẹ́ ẹ létí bí ẹni ń rán aṣọ ìyàwó. Màmá gbé ìbora náà sókè, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn ti rí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a dé abà ní ọdún kẹta, Ìyá Àgbà ti gbá abẹ́ igi mángòrò mọ́ tónítóní dè wá, Bàbá sì wa mọ́tò síbẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, iná tàn yòò, a jó, a yọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ẹni tí oorun ń kùn. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, iná pupa kan ti ń ṣẹ́jú lára àpótí kékeré tí Bọ̀dá Sàkà kàn mọ́ ara mọ́tò láti máa fi hàn wá bí iná ilé bá fẹ́ tán. Bàbá gun òrùlé, wọ́n nu sólà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, iná pupa kò yéé ṣẹ́jú. Kò pẹ́ tí gbogbo abà fi gbọ́ pé mọ́tò Téló ti tún kú. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọ́n ti ká ṣòkòtò sókè, àwọn ọmọ wọn tẹ̀lé wọn nítorí búrẹ́dì. Inú rere ló gbé wọn wá, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé òkú ni wọ́n wá sin lójú mi.

Màmá wà lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, wọ́n jọ ń gé iṣu tí wọ́n fẹ́ sá fún èlùbọ́. Ìyá Àgbà ní kí Màmá gbé atẹ́ tó wà lábẹ́ igi bọ́ sórí àpáta nínú oòrùn kí ó má baà bu. Màmá gbé e. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo wà. Mo rí i bí wọ́n ṣe dúró lójijì, tí wọ́n wo iṣu inú atẹ́, tí wọ́n wo orí mọ́tò tí òjìji ewé mángòrò bò mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́, mọ́tò di ti ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ nìyẹn, bí àwọn fúnra wọn ṣe sọ. Wọ́n sá iṣu náà tán, wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ìró, wọ́n sì lọ bá Bàbá láàárín àwọn èèyàn.

“Bàbá Múfú, ṣebí oòrùn ni wọ́n ní nǹkan yẹn ń jẹ. Kí ló wá ń ṣe lábẹ́ igi? Ẹ wà á bọ́ síta.”

Bàbá wo òkè, wọ́n wo igi, wọ́n wo Màmá. Kò sí ẹni tó ní mọ́tò ní agbègbè wa tó ń rí ibòji tí yóò lọ gbé e sínú oòrùn, òun ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò ó. Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù ń ba Bàbá láti fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin náà kúkú bá àwọn tì í jáde. Ọwọ́ àwọn èèyàn ti wà lẹ́yìn mọ́tò nígbà tí Màmá sọ pé rárá.

“Ẹ má tì í. Ẹ ṣíná sí i.”

Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà! Ó bú jáde débi pé àwọn tó fara tì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú bolẹ̀. Bátìrì ẹ́ńjìnnì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Màmá ní kí Bàbá pa á, kí wọ́n tún ṣíná. Ó tún dáhùn. Wọ́n ní kí wọ́n pa á kí wọ́n tún ṣe é sí i, kí àwọn tó wà lókèèrè lè gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì yíjú sí Ìyá Àgbà, wọ́n ní a kò lọ síbì kankan. Èmi kò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́kún, ẹkún ayọ̀ ni. Màmá pín búrẹ́dì fún àwọn tí kò ti nǹkan kan.

Láti ọjọ́ yẹn ni mọ́tò ti ń yá oòrùn, tí àwa sì ń gbádùn ibòji. Tí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, iná á tàn yòò, àwọn ará abà á kó fóònù wọn wá fún ṣáájì, Màmá kò sì pín iná fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá Àgbà jókòó sábẹ́ fáànù, wọ́n ṣí gèlè, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lè wà níbi tí kò sí igi.

Lóde òní, Ìyá Àgbà ti lọ, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Ojú Bàbá kò ríran fún abẹ́rẹ́ mọ́. Èmi ni mo ń wa mọ́tò náà lọ sí abà, mo sì ti yọ àwọn bátìrì ńláńlá yẹn, mo fi bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan rọ́pò wọn. Kò tóbi, kò wúwo, fóònù mi ló sì ń sọ fún mi iye tó kù nínú rẹ̀. A ní fíríìjì. Àwọn ọmọ mi ń mu sóbò tútù láàárín igbó, wọn kò sì mọ̀ pé ẹnìkan kúnlẹ̀ rí nítorí gílóòbù. Nígbà tiwa, tí ọ̀sẹ̀ bá fẹ́ parí, ọkàn wa kì í balẹ̀ mọ́.

Ní ìsinmi tó kọjá yìí, mo ti di gbogbo ẹrù, mo ti gbé ọmọ kékeré sí àyè rẹ̀, mo sì fẹ́ ṣíná. Mo wẹ̀yìn, Màmá kò sí lórí àga wọn. Wọ́n ti lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n ti tan fáànù.

“Ta ló ń lé yín?” wọ́n ní. “Iná ṣì wà.”