Fáìlì Tí Kò Lórúkọ Mi

Ọdún mẹ́ta ni mo fi jẹ́ olùdámọ̀ràn kọmíṣọ́nà ètò ìlera kan ní Aláúsá, n'Ìkẹjà. Ìṣèlú ló gbé mi débẹ̀. Èmi ni mò ń lẹ pósítà kiri Agége nígbà ìpolongo, mo sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Tí mo bá ti wọlé tọ ọ̀gá mi, màá sọ tèmi sí wọn létí, ó parí. Ẹnu dùn ún ròfọ́, ṣebí ẹ mọ̀.

Olùdarí ẹ̀ka wa ní tiwọn, Màmá Ìjẹ̀bú kan tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba láti ìgbà tí mo wà ní pámárì, kì í sọ nǹkan sétí ẹnikẹ́ni. Inú fáìlì ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí, wọ́n á sì fọwọ́ sí i. Mo máa ń pè wọ́n ní Màmá Fáìlì lẹ́yìn. Wọ́n mọ̀, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín.

Àbúrò mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike, nítòsí Dopemu. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń ti géètì wọn, aago mẹ́sàn-án sì ni ilé ìwòsàn ìjọba tó wà níbẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́sàn-án, abẹ́rẹ́ kan péré ló tíì gbà. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ń bà mí lẹ́rù. Mo bẹ ọ̀gá mi pé kí ilé ìwòsàn náà máa ṣí ní aago mẹ́fà, wọ́n sì gbà. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro pátákó tí a óò rì síwájú ibẹ̀: orúkọ ọ̀gá, orúkọ ẹgbẹ́, tèmi náà nísàlẹ̀.

Màmá ní, "Ọnọrébù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀."

"Ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ mi mọ́ mi lọ́wọ́ ni, Mà?"

"Rárá o. Ẹ ṣáà fi fáìlì yẹn sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn ìyá ọlọ́mọ, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu wọn. Ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárọ̀ kùtù láìsí pátákó kankan níwájú rẹ̀, orúkọ mi ò sì sí nínú fáìlì náà rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi kí wọn dáadáa.

Nígbà tó yá, a fìdí rẹmi níbi ìbò. Bí mo ṣe ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́, Màmá yọjú sẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi, o ti jẹun?" Mo bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Àwọn tó gbàjọba hú gbogbo pátákó wa, wọ́n sì dá iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn wọn dúró. Akọ̀wé Màmá ló ròyìn ìyókù fún mi. Ó ní olùdámọ̀ràn tuntun náà, ẹlẹ́nu bíi tèmi, béèrè fáìlì ilé ìwòsàn, ó kà á tán, ó ní, "Ta ló ni èyí?"

"Àwọn ìyá ọlọ́mọ ni, Ọnọrébù," ni Màmá wí.

Ọnọrébù! Orúkọ tí wọ́n ń pè mí náà ni. Ó dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà dá fáìlì padà, kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo sin àbúrò mi lọ gba abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn fọ́mọ, aago mẹ́fà géérégé. Èrò ti kún. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò mọ̀ mí rí. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn, ẹ jẹ́ káwọn ìyá ọlọ́mọ ráyè."

Mo bọ́ sẹ́yìn.