Etí Tí Kíloowí Lọ Rà

Bí wọ́n bá ní kí gbogbo adití ayé wá tò lórí ìlà, Kíloowí kò ní sí níbẹ̀, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá ń pè é, kò ní gbọ́.

Iṣẹ́ panẹ-bítà ló jẹ etí rẹ̀. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú ni ó ti ń fi òòlù lu ara mọ́tò tó tẹ̀ wọnú, tí yóò máa lù ú títí irin á fi gbàgbé pé òun forí sọ ògiri rí. Ẹ̀yìn ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, páànù ni òrùlé, páànù ni ògiri. Bí ó bá sọ òòlù kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ariwo náà á lọ kí ògiri ọ̀tún, á lọ kí ti òsì, á tún padà wá jókòó sí i létí. Gbogbo ológbò àdúgbò ti kó lọ sí òpópónà kejì. Òun nìkan ni kò mọ̀ pé ariwo wà. Bí oníbàárà bá sọ̀rọ̀, “Kí lo wí?” ni ìdáhùn. Bí ìyàwó rẹ̀ bá pè é wá jẹun, “Kí lo wí?” ni. Wọ́n ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá, nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ obìnrin tó dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, obìnrin náà kò sì tíì forí jì í títí dòní. Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ẹni tó bá wá fi orúkọ àbísọ rẹ̀ béèrè rẹ̀ ládùúgbò, àlejò ni.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ràn ju irin lọ, ọdẹ ni. Bí ìjọba bá ti ṣí igbó sílẹ̀ fún àwọn ọdẹ, òun, Tíṣà àti Télọ̀ á gbéra. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, òun ló dàgbà jù, òun sì ni olórí wọn. Télọ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ aránṣọ tí kò rán aṣọ ẹnikẹ́ni jáde lọ́jọ́ tó dá rí, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ ìbọn, ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣọdẹ kò le. Wọ́n á tò gẹ́gẹ́ bí ìlà láàárín igi, ẹnì kan kò ní rí ẹnì kejì, wọ́n á sì máa rìn lọ jẹ́jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Súfèé ni èdè wọn. Súfèé kan, dúró gbagidi, má yìnbọn. Súfèé méjì, máa bọ̀.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Nígbà tí wọ́n ṣọdẹ kẹ́yìn, Tíṣà rí ìgalà kan, ó súfèé kan kí gbogbo ènìyàn dúró, ó gbé ìbọn sójú. Ohun tó yọ síwájú ẹnu ìbọn kì í ṣe ìgalà mọ́, Kíloowí ni, tó ń rọra rìn bọ̀ bí ẹni tó jáde láti gba afẹ́fẹ́. Díẹ̀ báyìí ló kù kí Tíṣà fà á. Wọ́n ní jìnnìjìnnì mú un débi pé igi tó fara tì wọ́ gbogbo ewé rẹ̀ sílẹ̀. Kíloowí wò ó títí, ó sì bi í bóyá òtútù ń mú un ni.

Ọ̀rọ̀ délé. Kíloowí ní ọmọbìnrin kan, àkọ́bí rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí àwọn dókítà fúnra wọn máa ń ju sìgá nù bí wọ́n bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Tíṣà lọ rojọ́ sí. Ọmọ náà kò bá bàbá rẹ̀ jà. Ó kàn ti kọ́bọ́ọ̀dù tí ìbọn wà pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó ní kí igbó tó tún ṣí, òun á ti rí ẹni tí yóò ra ìbọn náà. Ìyá rẹ̀ ní, “Àṣẹ!” Ó ní kí Kíloowí jókòó sílé kó máa wo tẹlifíṣọ̀n bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó yà wọ́n lẹ́nu, Kíloowí gbọ́ ìyẹn. Ó ní tẹlifíṣọ̀n tí ènìyàn kò gbọ́ ohun tó ń wí, ògiri tó ń tàn ni. Ó ní òun kò tíì kú, ẹnikẹ́ni kò sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù òun lójú òun. Bó bá jẹ́ pé ìpè ni kò dé ọ̀dọ̀ òun, òun á wá ohun tí yóò gbé ìpè dé. Òun á ra wókítókì, rédíò ọwọ́ tí àwọn gáàdì máa ń mú dání, tí ẹnì kan á tẹ̀ níbí tí ẹnì kejì á sì dáhùn lọ́hùn-ún.

Ọmọ rẹ̀ ní adití tó ra rédíò, àbí afọ́jú tó ra díńgí, èwo ló sàn?

“Afọ́jú tó mọ ohun tó fẹ́ fi díńgí ṣe,” Kíloowí dá a lóhùn, “kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.”

Orí kunkun kò sí ní ọjà, ọ̀dọ̀ bàbá lọmọ ti ń jogún rẹ̀, nítorí náà àwọn méjèèjì ta kú. Níkẹyìn wọ́n ṣe àdéhùn. Bí Kíloowí bá rí ẹ̀rọ tó lè mú kó dúró nígbàkígbà tí wọ́n bá pè é, kọ́kọ́rọ́ á padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Tíṣà bá tún fẹsẹ̀ kan ilé yìí wá rojọ́, ìbọn di títà, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ wọ táì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, ẹnu rẹ̀ sì lè ta agboòrùn fún ẹja. Èyí tó tóbi jù ló kọ́kọ́ gbé jáde, ẹ̀rọ kan tí éríà rẹ̀, irin tó ń gba ohùn, gùn bí ọ̀pá ìpẹja. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ohùn ẹni á fò kọjá òkè, á fò kọjá àfonífojì. Kíloowí bi í bóyá páálí náà ti ṣọdẹ rí. Ó fi ọ̀kan lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó rìn lọ sísàlẹ̀ òpópónà, kó kọjá ilé búrẹ́dì, kó sì dúró sẹ́yìn báǹkì. Òun alára lẹ èkejì mọ́ etí òsì, èyí tó ṣì ń yọjú síṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ náà tó dé ilé búrẹ́dì, ohùn rẹ̀ ti di epo gbígbóná tí wọ́n ta omi sí. Ọlọ́jà ní ilé ló pọ̀ jù, pé bó bá jẹ́ ibi gbalasa ni, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wọn ì bá gbọ́ ọ títí dé òkun. Kíloowí ní igbó tí òun ń lọ ní ìwà burúkú kan, igi wà níbẹ̀.

Èyí tí ó gbé tẹ̀ lé e, ariwo ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ báyìí, ìkókó tó ń sùn nílé ìtajà kejì jí, ajá kan tó wà lójú títì yí padà sílé. Kíloowí rẹ́rìn-ín nítorí pé ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ kedere. Inú ọmọ rẹ̀ dùn, ó ti ń ṣí báàgì. Ni bàbá bá rọra dá ẹ̀rọ náà padà sórí tábìlì. Ó ní èyí tí òun fi etí yìí gbọ́, ìgalà á ti gbọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ̀kẹta ní wáyà kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí. Ó ní etí ẹyọ kan ló kù fún òun, wọ́n tún fẹ́ fi kọ́kì dí i.

Ọlọ́jà ti tú táì rẹ̀. Ọmọ náà ní, “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀kan ká máa lọ. Gbogbo wọn kúkú ló ń sọ̀rọ̀.”

“Ohun tí mo ń bá yín fà nìyẹn. Látàárọ̀, ẹnu lẹ ń gbé síwájú mi. Etí ni mo wá rà.”

Kí wọ́n ṣáà lè kúrò níwájú rẹ̀, ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ohun kan tó burẹ́wà bí bàtà tí òjò pa yọ lábẹ́ tábìlì. Ó ní àwọn tó ń kọ́lé ló máa ń rà á, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í ti í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra. Kò ní iná tó ń ṣẹ́jú, kò lẹ́wà, ìpè rẹ̀ kò sì lè ré kọjá igbó kékeré kan. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì ìpè lára ọ̀kan, gbogbo àwọn yòókù á gbọ̀n. Kíloowí jù ú sápò àyà, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà tẹ èkejì. Bàbá fò sókè bí ẹni tí akàn já jẹ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ó rán ọmọ náà padà sẹ́yìn báǹkì. Ọlọ́jà dúró sí ìkóríta láàárín wọn, ó ń rí àwọn méjèèjì. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́, bàbá á nawọ́ sókè. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ògiri, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tírélà, ó dákẹ́ pẹ́ kó lè tàn án, ó tún tẹ̀ ẹ́ lójijì. Ọwọ́ bàbá kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Kíloowí wá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà bọ́ sílẹ̀ láti wò ó bóyá á fọ́, ọlọ́jà fi ọwọ́ bojú, ẹ̀rọ náà sì tún gbọ̀n lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni wọ́n rà, ọ̀kan fún ọdẹ kọ̀ọ̀kan.

Kí wọ́n tó wọgbó, Kíloowí kìlọ̀ fún àwọn yòókù. Òfin súfèé náà ni. Bí ó bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, dúró gbagidi, má yìnbọn. Bí ó bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, máa bọ̀. Bọ́tìnnì ọ̀rọ̀ sísọ wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Òun ti yí ohùn ẹ̀rọ ti òun wálẹ̀ pátápátá. Tíṣà ní kó fọkàn balẹ̀, àwọn kì í ṣe ọmọdé.

Wọ́n tò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò pẹ́ tí àyà Kíloowí fi gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró. Ó ń retí ìpè méjì kó lè máa lọ. Ó tún gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró sí i. Ó tún gbọ̀n. Oòrùn gòkè, kòkòrò gun bàtà rẹ̀, wọ́n kọjá, wọ́n tún padà. Ẹyẹ kan bà lé fìlà rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó koríko jọ. Kíloowí kò mira. Ìgbà yẹn ni ìgalà kan, akọ ńlá tí ìwo rẹ̀ dà bí igi gbígbẹ, jáde wá, ó ń fi ọrùn ha ara igi tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Bí Kíloowí bá na ọwọ́, ì bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ síbi ìbọn. Àyà rẹ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ó dá ọwọ́ dúró. Ìgalà wò ó, ó wò ó dáadáa, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tí kò mọ̀ nìyí. Àwọn ọkùnrin méjì tí wọn kò tíì yanu nínú igbó rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣọdẹ, ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ ti dé ọwọ́ wọn. Tíṣà kàn ní kí òun dán an wò, ó tẹ bọ́tìnnì ìpè, ó tẹ ti ọ̀rọ̀ sísọ, ó bi Télọ̀ bóyá ó ń gbọ́. Télọ̀ ní òun ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí ènìyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó parí. Tíṣà, tí kò rí ẹni tí yóò kọ́ ní nǹkan láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdí tí igi fi ń wọ́wé. Télọ̀ gbé ẹjọ́ onílé rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n yà sọ́dọ̀ orúnkún tó ń dun Tíṣà, wọ́n yà sọ́dọ̀ ọkọ àbúrò Télọ̀. Kí ọ̀kan tó fèsì, á kọ́kọ́ tẹ ìpè kí èkejì lè múra sílẹ̀. Gbogbo ìpè náà sì ń lọ gbá Kíloowí láyà. Ní ti àwọn ẹran, wọ́n ti gbọ́ gbogbo ẹjọ́ onílé náà, wọ́n sì ti kó kúrò lágbègbè ọ̀hún, àfi akọ kan tó sá gba ibi tó parọ́rọ́ jù, ibi tí ọkùnrin kan dúró sí bí òpó.

Lọ́wọ́ òfo ni wọ́n padà. Tíṣà kò tilẹ̀ bọ́ bàtà tó fi wọ pálọ̀ Kíloowí níwájú nọ́ọ̀sì. Ó rojọ́ pé ẹ̀rọ ba igbó jẹ́, pé Kíloowí kò kúrò lójú kan, pé bí ẹrù tó sọnù ni àwọn ṣe wá a. Ó ní ó ti tó, kí wọ́n ta ìbọn náà.

Àdéhùn ni àdéhùn. Ọmọ náà na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́.

Kíloowí di kọ́kọ́rọ́ mú. Kò sọ pé kí lo wí. Ó ní, “Béèrè lọ́wọ́ wọn, ṣé wọ́n pè mí tí mi ò dúró?”

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Tíṣà. Tíṣà ń wo bàtà rẹ̀. Télọ̀, tí àṣírí kì í gbé lẹ́nu rẹ̀ bí omi kì í ti í gbé nínú ajọ̀, sọ pé kí òun má parọ́, àwọn pè é díẹ̀. Ọmọ náà ní kí ni wọ́n ń pè é fún. Télọ̀ ní Kíloowí kọ́ ni àwọn ń pè, ọ̀rọ̀ onílé òun ló gùn.

“Ìgalà wá bá mi níbi tí mo dúró sí,” Kíloowí sọ, ó rọra ń sọ ọ́. “Akọ. Mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Mi ò yìnbọn fún un, torí ẹ ní kí n dúró. Ẹ wá dá ẹjọ́ yìí fún mi, nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ni adití?”

Ìyá ilé, tó ti sọ pé “Àṣẹ!” tẹ́lẹ̀, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín láti kíṣìnnì. Nọ́ọ̀sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó ní kí Tíṣà jókòó, kí ó bọ́ bàtà, torí ẹrẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ní ọjọ́ kejì, Kíloowí kó ẹ̀rọ àwọn méjèèjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gé páànù kékeré méjì, ó tẹ̀ wọ́n bá ara ẹ̀rọ dọ́gba, ó fi wọ́n bo bọ́tìnnì ọ̀rọ̀ sísọ pa, ó sì kàn wọ́n ní ìṣó. Bọ́tìnnì ìpè nìkan ló ṣẹ́ kù síta. Tíṣà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣàlàyé pé ìwọ̀sí gbáà ni èyí, pé òun tí òun ti kọ́ ìdajì ìlú yìí níwèé, wọn kò lè máa fi páànù dí òun lẹ́nu bí ìgò. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ pẹ̀lú ohùn kíláàsì.

Kíloowí gbé ojú sókè. Etí òsì rẹ̀ ló kọ sí i.

“Kí lẹ wí, Tíṣà?” ó ní, ó sì sọ òòlù kalẹ̀ lórí páànù.