Ẹni Tí Wọ́n Fi Wé Hàwáwù

Bí ẹ bá ń wá olórí kunkun ní gbogbo Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó nílùú Èkó, Ìbídùn ìyá Gbénga, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì, ni kí ẹ mú. Ilé kan náà la jọ ń gbé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń bí mi nínú títí dòní.

Lọ́dún 1976, Dókítà Ọlátúndé wá sí àdúgbò wa. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá èéfín ẹja yíyan ló ń fa ikọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́ja. Hàwáwù, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Ìbídùn, wà lára àwọn tó ń wúkọ́. Dókítà ní òun kò lè fi í wé ìyàwó olówó Ìkòyí, torí oúnjẹ wọn kò dọ́gba, ilé wọn kò dọ́gba. Ta ni yóò mọ èyí tó fa ikọ́ nínú gbogbo rẹ̀? Ẹni tó bá a dọ́gba nínú ohun gbogbo, àfi èéfín, ló ń wá. Ìbídùn ló bọ́ sí i: ọjọ́ orí kan náà, ilé kan náà, iye ọmọ kan náà.

"Ẹ ṣáà má sún mọ́ ààrò, mà," ni Dókítà wí. Ìbídùn ní òun ti gbọ́.

Dókítà kò ní oògùn ikọ́ náà. Ó ní bí ẹ̀rí bá dájú, ìjọba lè kọ́ ààrò tó sàn jù fún wọn. Kí ó tó dájú ńkọ́? Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Nígbà òjò, tí Dókítà rìnrìn àjò, Hàwáwù kò lè dìde mọ́. Ẹja tútù kì í sì í dúró de aláìsàn.

Ìbídùn bá bọ́ sẹ́nu ààrò, ó ń bá a yan ẹja. Mo ní, "Ìyá Gbénga, ẹ rántí ohun tí Dókítà sọ."

Ó ní, "Ṣé kí ẹja ẹlẹ́gbẹ́ mi rà lójú mi? Ṣé Dókítà ni yóò bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀?"

Inú ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí.

Nígbà tí Dókítà dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ lé àyà Ìbídùn, ó gbọ́, ó tún un gbọ́. "Màmá, ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ta ni mo fẹ́ fi wé Hàwáwù báyìí?"

Ìbídùn fẹ́ fèsì, ikọ́ kò jẹ́. Hàwáwù tó wà lórí ẹní bú sẹ́kún.

Ó ní, "Ẹ ṣì lè fi í wé mi, Dókítà. Kò sí ohun tó kù tí a kò fi dọ́gba."