Ẹni Tó Ń Kí Wa láti Ìgbájọ

Ẹ bá mi wo ọkọ mi. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, wọ́n lọ gbin kòkó. Ògúntóyìn tèmi lọ ń kó òkú kọ̀ǹpútà jọ! Àwọn tí ilé-ìwé ti dà nù, tí ojú wọn wú bíi ti tẹlifíṣàn ayé àtijọ́, ló ń gbé wọ pálọ̀ mi ní Ìlá níbí. Á tú wọn palẹ̀, á tún wáyà wọn so títí wọ́n á fi jí. Mo ní, "Bàbá Tèmi, ṣé ẹ fẹ́ sọ ilé yìí di ààtàn ni?" Ẹ̀rín ló máa fi dá mi lóhùn.

Ọlálérè ọ̀rẹ́ ẹ̀, ará Ìgbájọ, ló kó o ràn án. Àwọn méjèèjì wọ ẹgbẹ́ kan tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì so irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ pọ̀ kárí ayé. Òyìnbó pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àárín àwọn méjèèjì ló dùn mọ́ wọn jù. Tí Ọlálérè bá tẹ ọ̀rọ̀ ní Ìgbájọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á máa yọ lójú kọ̀ǹpútà tiwa. "Káàárọ̀ o, Ògúntóyìn. Ṣé dáadáa lo jí? Ìyàwó wa ńkọ́? Orúnkún ẹ̀ ńkọ́?" Èmi tí mò ń bú kọ̀ǹpútà, mo máa ń dúró ka ti orúnkún mi kí n tó lọ dáná.

Ìyàwó Ọlálérè ti kú, àwọn ọmọ ẹ̀ wà lókè òkun, òun nìkan ló ń gbé ilé ńlá yẹn. Òun àti ọkọ mi wá fẹnu kò: ọjọ́ tí ọ̀kan ò bá kí èkejì, kí èkejì tètè wá wò ó. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ìkíni wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Káàárọ̀ o, Ògúntóyìn. Ṣé dáadáa lo jí?" Mo dúró de ìbéèrè orúnkún mi. Kò wá. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Nígbà tó tún di òwúrọ̀ mìíràn tí kò tún bi mí, ara bù mí máṣọ. Ìdáhùn wa ti wà nísàlẹ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ mi ṣì wà lẹ́yìnkùlé tó ń run orín.

"Bàbá Tèmi, ẹ ti dá Ọlálérè lóhùn?"

"Èsì ti lọ," ló wí, kò wojú mi.

Mo pe fóònù Ọlálérè, kò lọ. Fóònù ẹ̀ kì í pẹ́ kú; kọ̀ǹpútà ló ń fún ní gbogbo iná sólà. Mo ní ká lọ. Ọkọ mi ní, "Ọjọ́ tí kò bá kí la ní ká lọ. Ó ṣáà ń kí."

Inú bí mi. "Ọmọ Yorùbá wo ló ń kí èèyàn tí kì í béèrè ará ilé? Ẹ jókòó tì í o, èmi ń lọ!" Kò sí mọ́tò títí ilẹ̀ fi ṣú; ìdájí ọjọ́ kejì ni mo wé gèlè mi. Ó tẹ̀ lé mi.

Ewé gbígbẹ ti bo ẹnu ọ̀nà Ọlálérè, ẹni tó máa ń gbálẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Ṣàkírátù, aládùúgbò ẹ̀, kúnlẹ̀ kí wa. "A ò rí bàbá o, ṣùgbọ́n à ń gbọ́ tí kọ̀ǹpútà wọn ń dún láràárọ̀. A ní iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, a ò fẹ́ dí wọn lọ́wọ́."

Òórùn ti gba ojú fèrèsé jáde. Ọkọ Ṣàkírátù fi èjìká já ilẹ̀kùn. Ọlálérè dojú bolẹ̀ láàárín yàrá àti pálọ̀, ike omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Yéè! Mo figbe ta. Ibi tí mo ti ń ké ni kọ̀ǹpútà ti dún, lẹ́tà sì ń yọ.

"Káàárọ̀ o, Ògúntóyìn. Ṣé dáadáa lo jí?"

Kò pẹ́, èsì wọlé láti ilé wa. "Dáadáa ni o, Ọlálérè. Ìwọ náà ńkọ́?"

Mo wo ọkọ mi. Ẹ̀gbẹ́ mi ló dúró sí, ọwọ́ ẹ̀ ṣófo. "Ta ló wà nílé wa?"

"Kò sẹ́nì kankan." Ó wá jẹ́wọ́. Nígbà tí Tèmi ọmọ wa bímọ tá a lọ bá a tọ́jú ọmọ, ló kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa dáhùn, kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ má bàa kí i lásán. Ó dùn mọ́ ọn, kò yọ ọ́ mọ́. Ó ní òun rò pé òun nìkan lòun mọ ọgbọ́n yẹn, àṣé Ọlálérè náà ti kọ́ tiẹ̀ láti máa kí.

Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ló kún fún ìkíni àti èsì, ìkan náà, ìkan náà. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti òkú ọ̀rẹ́ ẹ̀, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó wá fi ẹnu ara ẹ̀ bi í pé, "Ọlálérè, ìwọ náà ńkọ́?"